Ọ̀wẹ̀ Méjì Lórí Oko Ilé-Ìwé

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn iṣẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ sún mọ́ ibí. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé, "Èmi ò kúkú ní kí wọ́n ṣe é, àwọn ni wọ́n ń yọ ara wọn lẹ́nu," ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá wí. Ẹ wá gbọ́ bí Josiah, olùkọ́, oníwàásù, ọmọlúàbí ènìyàn, ṣe dá oko ilé-ìwé sílẹ̀ láìná ẹyọ owó kan. Ẹ ó sì gbọ́ ẹni tí ìyà rẹ̀ jẹ.

Kí ogun Ìjàyè tó bẹ́ sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ní Abà Ọdẹ́yalé, lọ́nà Lálúpọn. Àwọn ìjọ tó wà ní Ìbàdàn ti kọ́ ilé-ìwé kan síbẹ̀, bí ẹ bá lè pe igi mẹ́rin àti koríko bẹẹrẹ ní ilé-ìwé. Bí òjò bá ń rọ̀, òun náà a máa bá wọn kàwé nínú ilé.

Josiah ni olùkọ́ ibẹ̀. Bàbá àti ìyá rẹ̀ ti kú, àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń jẹ́ Adétutù sì ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Òun ni ẹ̀gbọ́n fún un, òun náà ni bàbá, òun sì ni ẹni tí yóò fi í fún ọkọ. Gbogbo abà ń pè é ní Tíṣà. Ó ní kóòtù dúdú kan tí ó máa ń wọ̀ nínú oòrùn ọ̀sán gangan, kí wọ́n má baà gbàgbé.

Lọ́jọ́ kan, Àlùfáà Àgbà ránṣẹ́ láti Ìbàdàn. Ó ní kí gbogbo ilé-ìwé dá ẹgbẹ́ olóko sílẹ̀. Kí àwọn ọmọ fi ọwọ́ ara wọn gbin iṣu, òwú àti ẹ̀fọ́, kí wọ́n má baà di ọ̀lẹ tó mọ̀wé. Òun fúnra òun yóò wá wò ó. Olùkọ́ tí oko rẹ̀ bá dára jù lọ ni òun yóò mú lọ sí ilé-ìwé ńlá ní Ìbàdàn, nínú ilé tí kì í jò.

Ìránṣẹ́ náà gbé ẹrù kalẹ̀: irin ọkọ́ méjì tí kò ní èèkù, àti hóró òwú tí wọ́n dì sínú àkísà.

"Owó alágbàṣe ńkọ́?" Josiah bi í.

"Àlùfáà ní kí ẹ ní ìgbàgbọ́."

Josiah ní ìgbàgbọ́ dáadáa. Apá ni kò ní.

Ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jáde, òun àti ẹgbẹ́ olóko rẹ̀ kọrin dé ìdí igbó náà. Àwọn ọmọ tó wà nínú ẹgbẹ́ ọ̀hún, èyí tó dàgbà jù nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká eyín ni. Koríko ga jù wọ́n lọ. Ọ̀kan sọnù sínú rẹ̀, igbe ẹkún rẹ̀ ni wọ́n fi rí i. Kí oòrùn tó mú, ọwọ́ Tíṣà ti bó, ó sì ti rántí pé àwọn ọmọ kò tíì ka ìwé tòní.

Adétutù fi àdí pa á lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò ṣe bẹ àwọn ará abà kí wọ́n bá yín ṣe é?"

"Wọ́n á ní kí èmi náà wá bá wọn ṣe tiwọn."

"Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn."

"Adétutù, olùkọ́ ni mí."

Adétutù bu àdí sí i. Ó ń bá ọwọ́ tó bó náà lọ.

Nígbà náà ni Làmídì yọ. Làmídì jẹ́ àgbẹ̀ tó rí ṣe, ní abà kan lápá òkè, ọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun díẹ̀díẹ̀. Ó ní ìyàwó kan nílé, ó sì gbà pé ẹnì kan péré kò kún ilé.

Ó kí Josiah tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì wò yíká kó tó sọ̀rọ̀.

"Tíṣà, mo gbọ́ pé ẹ ń wá ẹni tí yóò ṣán oko fún yín. Èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi lè wá. Ẹ mọ̀ pé àbúrò yín, ọmọ náà wù mí."

Ẹ gbọ́ o. Ní ọjọ́ ìsinmi tó kọjá gan-an ni Josiah wàásù lórí ọkọ kan aya kan, tó fi ń fi ọwọ́ gbá àga. Ó la ẹnu láti sọ pé rárá. Ojú rẹ̀ lọ sí igbó ilé-ìwé, ó sì pa ẹnu náà dé. Ó tún un là.

"Ọlọ́run á ṣe é," ni Josiah wí.

"Àmín!" ni Làmídì dáhùn. "Àmín, àna mi!"

"Ẹ jẹ́ kó ṣì wà láàrin èmi àti ẹ̀yin ná. Ọmọ náà máa ń tijú."

Josiah kò parọ́ o, ẹ má purọ́ mọ́ ọn. Kò sọ pé òun fún un. Ó kàn gbàdúrà ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílẹ̀ wa, ọkùnrin tó bá ń fẹ́ ọmọ ẹni yóò kó ẹgbẹ́ rẹ̀ wá sóko àna. Wọ́n á ṣiṣẹ́, àna á sì bọ́ wọn. Ọ̀wẹ̀ là ń pè é. Ẹni tó bá gba ọ̀wẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin ti fi ìdajì ẹnu sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Josiah mọ èyí kó tó mọ A, B, D.

Làmídì àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wá. Kí ọ̀sán tó pọ́n, igbó ti di ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwọn ará abà rò pé alágbàṣe ni Tíṣà gbà. Adétutù gún iyán, ó se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ó gbé e fún wọn. Aṣọ kíjìpá tó ń hun fún ara rẹ̀ ló fi pààrọ̀ iṣu náà, nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ fún un pé olùrànlọ́wọ́ iṣẹ́ Olúwa ni wọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tí bàbá yìí ń wò mí báyìí?"

"Oòrùn ló ń pa á lójú."

Bí igbó ti lọ tán, ó ku ebè. Ebè kíkọ kì í sì í ṣe ohun tí a ń fi orin ṣe. Ẹ̀yìn tí yóò tẹ̀ ló ń fẹ́.

Ọmọ alágbẹ̀dẹ kan wà ní òdìkejì odò, Ọládòṣù lorúkọ rẹ̀. Òun ló fi èèkù sí ọkọ́ ilé-ìwé méjèèjì, kò gba nǹkan kan. Lẹ́yìn èyí ó padà wá wò ó bóyá èèkù náà ń mì. Ó tún padà wá. Kò sí èèkù tí wọ́n ṣàyẹ̀wò tó bẹ́ẹ̀ rí ní gbogbo ilẹ̀ Ìbàdàn, gbogbo ìgbà tó bá sì dé, Adétutù máa ń ní nǹkan láti ṣe níwájú ilé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, bí àwọn ará ilé Ọládòṣù bá wá bá yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé wọn."

"O fẹ́ ẹ?"

"Mo fẹ́ ẹ." Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, kò fi nǹkan kan bò ó.

Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ṣe rọrùn tó. Ọládòṣù kò tíì ní ìyàwó. Ó lágbára, ó níṣẹ́ lọ́wọ́, ọmọ náà fẹ́ ẹ. Bí Josiah bá sọ pé, "Mo ti fún ọ," ebè náà yóò di ebè àna tòótọ́, ayé á gún. Ṣùgbọ́n bí Làmídì bá gbọ́, ta ni yóò gé igi ọgbà? Oko kò sì ní ọgbà, bẹ́ẹ̀ ni ewúrẹ́ Abà Ọdẹ́yalé kì í ṣe Kírísítẹ́nì. Josiah tún rò ó pé bí Àlùfáà bá ti mú òun lọ sí Ìbàdàn, òun yóò mú àbúrò òun dání, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì yóò sì parí fúnra rẹ̀. Ta ni yóò wá wọn dé Ìbàdàn?

Bàbá Ọládòṣù mú ọmọ rẹ̀ wá. Gbogbo ayé ń pè é ní Bàbá Alágbẹ̀dẹ. Ó dàgbà ju Josiah lọ dáadáa, ṣùgbọ́n nítorí ọmọ tó wá tọrọ, "ẹ" ni ó fi ń bá a sọ̀rọ̀.

"Tíṣà, òdòdó kan la rí nínú ọgbà yín. A fẹ́ já a."

"Ọlọ́run á ṣe é, Bàbá."

Bàbá Alágbẹ̀dẹ wò ó lójú. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ẹ wí, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Bàbá, àbí ẹ ò gba Ọlọ́run gbọ́ ni?"

Ta ni yóò dáhùn ìyẹn? Bàbá Alágbẹ̀dẹ ní òun gbà á gbọ́. Ọládòṣù dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Lẹ́yìn tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ya bo oko ilé-ìwé. Wọ́n kọ ebè gbàǹgbà-gbàǹgbà, ọ̀wọ́ rẹ̀ tọ́ bí okùn. Adétutù tún gún iyán. Lọ́tẹ̀ yìí kò béèrè ìdí tí ẹnì kan fi ń wò ó. Ó mọ̀, inú rẹ̀ dùn, ó ń kọrin nídìí odó. Ó rò pé ẹ̀gbọ́n òun ti gbà.

Iṣẹ́ wo ni ẹgbẹ́ olóko ń ṣe? Wọ́n ń lé ẹyẹ. Wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí iṣu rú ewé, Josiah ránṣẹ́ sí Ìbàdàn pé kí Àlùfáà Àgbà wá wo ohun tí ọwọ́ kéékèèké àwọn ọmọdé ṣe. Ọwọ́ kéékèèké, bó ti pàṣẹ kí ìránṣẹ́ sọ ọ́ nìyẹn. Èsì dé pé Àlùfáà ń bọ̀, yóò wàásù níbẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi.

Ó ku ọgbà, ó ku ríro. Josiah jókòó, ó ṣètò rẹ̀ bí ọlọ́gbọ́n. Ó sọ fún Làmídì pé kó kó igi ọgbà wá ní ọjọ́ kejì Jímọ̀. Ó sọ fún Ọládòṣù pé kó wá roko ní ọjọ́ kejì ọjà Lálúpọn. Ọ̀kan á lọ kí èkejì tó dé.

Ó dára bẹ́ẹ̀, àfi pé ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni ọjà ń yí, ọjọ́ méje méje sì ni Jímọ̀ ń yí, ọjà kì í sì í dúró lójú kan. Ọmọ tí kò tíì dá ọjà lọ mọ èyí. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ tí Tíṣà ti fi kíkà ọjà sílẹ̀ fún àwọn tí kò mọ̀wé. Ọ̀sẹ̀ yẹn, ọjọ́ Jímọ̀ gan-an ni ọjà Lálúpọn bọ́ sí.

Nítorí náà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Làmídì àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ya wọlé láti apá òkè pẹ̀lú igi lórí. Ọládòṣù àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọrin bọ̀ láti apá odò, ọkọ́ léjìká. Wọ́n pàdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè. Josiah ń bọ̀ láti ilé nínú kóòtù rẹ̀, ó rí wọn lókèèrè, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wúwo.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Ọládòṣù kí wọn, pẹ̀lú ẹ̀rín. "Ṣé ẹ wá bá wa ṣe é ni?"

"Bá yín ṣe kí ni?" Làmídì gbé igi sílẹ̀. "Ọ̀wẹ̀ àna mi ni mo wá ṣe."

"Ta ni àna yín?"

"Tíṣà."

"Tíṣà wo?"

"Tíṣà mélòó ló wà lábà yìí, ìwọ ọmọ yìí?"

Ẹ̀rín kúrò lójú Ọládòṣù. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọkọ́ kalẹ̀ láti èjìká. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ Làmídì sì mú igi ọgbà kan, ó dì í mú dáadáa. Bàbá Alágbẹ̀dẹ, tó ti tẹ̀lé ọmọ rẹ̀ wá wo iṣẹ́, na ọwọ́ sáàárín wọn.

"Ẹ dúró. Ẹni tí ó gba ọ̀wẹ̀ ló ń bọ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́."

Gbogbo ojú yí sí Josiah. Àsìkò yìí gan-an ni pátákò ẹṣin dún lójú ọ̀nà. Àlùfáà Àgbà ni. Ó máa wàásù lọ́jọ́ ìsinmi, ṣé ọjọ́ ìsinmi náà ni Josiah rò pé yóò rìnrìn àjò ni? Baálẹ̀ Abà Ọdẹ́yalé ló ń sìn ín bọ̀.

Àlùfáà dúró. Ó wo oko, ó wo ebè, ó wo àwọn ọkùnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀, pẹ̀lú igi àti ọkọ́ wọn.

"Josiah," ó ní, "ọwọ́ kéékèèké wọ̀nyí mà ní irun o. Èyí tó wà lọ́hùn-ún yẹn ti ń hu ewú. Kíláàsì wo ló wà?"

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Làmídì ló sọ̀rọ̀.

"Tíṣà, mo sọ fún yín pé mo fẹ́ àbúrò yín, mo ṣán oko yín. Ṣé ẹ gbà á, àbí ẹ ò gbà á?"

"Tíṣà, èmi náà tọrọ rẹ̀," ni Bàbá Alágbẹ̀dẹ wí. "Ọmọ mi kọ gbogbo ebè yìí. Ta ni ẹ fún?"

Adétutù ti gbọ́ ariwo, ó ti jáde wá, igbá ẹ̀kọ àwọn òṣìṣẹ́ sì wà lórí rẹ̀. Ó sọ igbá náà kalẹ̀. Ó wo Làmídì, ó rántí oòrùn tó ń pa á lójú, ọ̀rọ̀ sì yé e. Ó wo Ọládòṣù. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bó ti yẹ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dá wọn lóhùn. Èmi náà fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ta ni ẹ fi mí fún?"

Josiah lè sọ ọ́ nígbà yẹn. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ṣùgbọ́n ó wo Làmídì, ó wo igi ọgbà, ó wo Àlùfáà lórí ẹṣin, ó wá ibi tí kò ní dun ẹnikẹ́ni.

"Ọlọ́run á..."

"Ẹ má pe Ọlọ́run sí i," ni Adétutù wí. Omi ti dé ojú rẹ̀. "Ọlọ́run kọ́ ló jẹ iyán tí mo gún. Ẹ̀yin lẹ ní kí n gún un."

Josiah ń fi ọwọ́ tún kóòtù rẹ̀ ṣe. Gbogbo ẹnu tó fi ń wàásù ló wà níbẹ̀, kò rí ọ̀kan lò nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń lé eku méjì, òfo ló ń pa, àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́. Ó jọ pé wọn ò kọ́ ọ nílé-ìwé.

Bàbá Alágbẹ̀dẹ gba ọkọ́ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò fi "ẹ" bá Josiah sọ̀rọ̀ mọ́.

"Ọmọbìnrin yìí kò ṣẹ̀ wá. Ó mọ̀ọ́ se oúnjẹ, ó mọ̀ọ́ kí ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìwọ tí o fi ẹyọ ọmọ kan tan ilé méjì, nígbà tí a bá ti di àna rẹ, kí lo ò ní fi wá ṣe? Ọládòṣù, jẹ́ ká lọ."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ Adétutù kò sí níbẹ̀."

"Mo mọ̀. A kì í gbé nínú ọmọ nìkan, inú ẹbí la ń gbé. Ó yá."

Ọládòṣù dúró títí ẹgbẹ́ rẹ̀ fi fà á lọ́wọ́. Adétutù kò gbé ojú sókè wò ó. Igbá ẹ̀kọ ló ń wò. Ó dùn ún dé egungun, àwọn tó wà níbẹ̀ sì mọ̀ ọ́n.

Baálẹ̀ ló dá ẹjọ́ náà níbẹ̀, lórí ìdúró.

"Tíṣà, ìwọ yóò dá ọ̀wẹ̀ tí o gbà padà, fún ilé méjèèjì. Ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe é fún ọ, ọwọ́ ni wàá fi san án."

"Kábíyèsí, àwọn ọmọ ilé-ìwé lè..."

"Ọwọ́ tìrẹ, mo ní. Má pè mí ní kábíyèsí, Baálẹ̀ ni mí."

Àlùfáà Àgbà yí oko náà ká. Ó ní kò sí oko ilé-ìwé tó dára tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ibi tí òun ti dé. Lẹ́yìn náà ó lọ mú olùkọ́ kan lápá Ẹ̀gbẹ́dá lọ sí Ìbàdàn, ẹni tí gbogbo oko rẹ̀ kò ju ebè díẹ̀ wíwọ́ lọ. Àwọn ọmọdé ló kọ ọ́, ó hàn lára ebè náà.

Josiah bọ́ kóòtù. Ó bẹ̀rẹ̀ lóko Làmídì. Làmídì jókòó lábẹ́ igi, ó ń sọ fún un pé ebè yẹn kéré. Ẹni tí inú rẹ̀ dùn jù ni Mùjíbátù, ìyàwó Làmídì. Ó gbé omi tútù wá fún un, ó kúnlẹ̀.

"Tíṣà, Ọlọ́run á san án fún yín. Ẹ gbà mí lọ́wọ́ orogún."

Èyí nìkan ni ọpẹ́ tí Josiah rí gbà lórí gbogbo iṣẹ́ náà. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń kà á, tí ẹ ní ọmọ tàbí àbúrò tí ẹ ó fi fún ọkọ, "bẹ́ẹ̀ ni" ni kí ẹ wí, tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́". Kò sí èyí tó wọ́n nínú méjèèjì. Ẹni tó bá jókòó sáàárín rẹ̀ kó lè rí jẹ níhà méjèèjì, kó má wá sọ fún mi pé òun kò parọ́.

Nígbà tó kan ti Bàbá Alágbẹ̀dẹ, iṣu ti ta, wọ́n ti wà á, òjò ọdún tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá náà ránṣẹ́ sí Josiah. Ó ní kó má wá sóko àwọn. Ọládòṣù ti ń fẹ́ ẹlòmíràn, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Àpèkẹ́, lọ́nà Ẹ̀gbẹ́dá, wọ́n sì ti gbà á níbẹ̀. Ọ̀wẹ̀ àna yá. Ọ̀wẹ̀ tí Tíṣà jẹ àwọn, oko bàbá Àpèkẹ́ ni kó lọ ṣe é sí, kó bá Ọládòṣù kún ẹgbẹ́.

Josiah kò lè sọ ọ́ nílé. Ó sọ fún Adétutù pé òun ní ibì kan tí òun ń lọ. Ilẹ̀ mọ́, ó mú ọkọ́. Adétutù ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti di ẹ̀kọ àti ẹ̀wà fún un, ó sì ti pọn omi sínú akèrègbè.

"Oko bàbá Àpèkẹ́ ni, àbí?"

Josiah wo ilẹ̀. "Adétutù, wọ́n ní kí n..."

"Mo gbọ́." Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé oúnjẹ náà fún un, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, bó ti máa ń ṣe. "Ẹ kọ ebè náà kó tóbi, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n rí nǹkan wí sí Ọládòṣù nílé àna rẹ̀."

Ó yí padà, ó wọlé lọ. Josiah gba ọ̀nà Ẹ̀gbẹ́dá.